Ọbẹ̀ Tí Safinat Kò Jẹ́ Kó Dà Nù

"Fúnminíyì, dá búrẹ́dì yẹn padà sápò rẹ kí n tó sọ òkúta bà ọ́!"

Mi ò fi ṣeré rárá. Òòlù wà lọ́wọ́ mi, eruku òkúta ti bo gbogbo ojú mi, inú sì ń bí mi. Fúnminíyì kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó lóṣòó sórí àpáta, ó na búrẹ́dì sí ọ̀bọ ńlá kan tó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sókè.

"Raliat, má pariwo mọ́ jàre. Ohùn rẹ ń wọnú fídíò."

Ọ̀bọ náà gba búrẹ́dì. Kò já a gbà, ó rọra mú un bí àgbàlagbà tí wọ́n na obì sí. Fúnminíyì bú sẹ́rìn-ín, ó yí fóònù sí ojú ara rẹ̀.

"Ẹ rí Alága wa? Ẹ rí i bó ṣe ń ṣe jẹ́jẹ́? Ẹ tẹ̀ lé wa o, ẹ pín in fáwọn ọ̀rẹ́ yín o!"

Alága ni orúkọ tó sọ ọ̀bọ yẹn. Akọ ni, ó tóbi ju gbogbo àwọn yòókù lọ, eyín rẹ̀ sì gùn débi pé mi ò fẹ́ràn kí n máa wò ó. Fúnminíyì ń wò ó bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́.

Ibi iṣẹ́ ni a wà. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan ni, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀kà lọ sí Ikun. Àwọn ọkùnrin máa ń fi iná àti òòlù ńlá la àpáta, àwọn obìnrin á wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọn á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Iṣẹ́ tí ìyá mi fi ń tọ́ wa nìyẹn. Tí ilé ìwé bá ti wà nínú ìsinmi, èmi náà á mú òòlù, màá lọ jókòó tì í.

Àwọn ọ̀bọ ló ń gbé orí òkè yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í yọ ara wa lẹ́nu, torí òfin kan wà níbẹ̀: oúnjẹ kò gbọdọ̀ gòkè. Abẹ́ igi kajú tó wà létí títì ni oúnjẹ ọ̀sán gbogbo wa máa ń dúró sí. Ẹnì kan á mú igi dání, á dúró sí ẹnu ọ̀nà tóóró tó gòkè, kó má baà sí ẹni tó máa fi oúnjẹ kọjá. Tí oúnjẹ bá ti dé, òun ló máa pè wá, gbogbo wa á sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun níbẹ̀, a ó sì kó èèpo àti egungun sínú àpò lọ sílé. Tí ọ̀bọ bá wá ká ohun jíjẹ mọ́ ọ lọ́wọ́, jù ú sílẹ̀. Má sáré, má wò ó lójú, má sọ òkúta lù ú. Máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi kúrò níwájú rẹ̀.

Màmá Ìbíyínká, olórí ibi iṣẹ́ wa, ló fi òfin yìí lélẹ̀. Láràárọ̀ ni màmá máa ń tún un sọ kí ẹnikẹ́ni tó mú òòlù. Ta ló wá ń rú u? Fúnminíyì, ọmọ ọmọ Màmá Ìbíyínká fúnra wọn. Ta sì ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń mú igi dání ní ẹnu ọ̀nà? Fúnminíyì yẹn náà ni.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Kíláàsì kan náà la jọ wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ sì pé jù mí lọ. Ó ti ṣáájú mi yege ìdánwò àṣejáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa rán an lọ sí yunifásítì. Òkúta ti sú u. Jesse, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkàrẹ́, ló wá sọ fún un pé tí àwọn èèyàn bá ti pọ̀ tó ń wo fídíò òun àti ọ̀bọ yẹn, òkìkí á kàn, ọ̀nà á là. Àwọn èèyàn sì ń wò ó lóòótọ́. Àwọn tí kò mọ ibi tí Ọ̀kà wà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún Alága ní bísíkíìtì, kó fún un ní mínírà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí Alága wá gbà á jẹ. Ó ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìyá mi kìlọ̀ fún un. Wọ́n ní, "Fúnmi, ẹranko tó bá ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn kì í bẹ̀rù èèyàn mọ́. Lọ́jọ́ tí o ò bá mú nǹkan wá, ta ni kó lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Màmá Raliat, Alága kì í ṣèèyàn ní jàǹbá," Fúnminíyì dáhùn. "Èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa."

Nígbà tí Alága bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abẹ́ àtíbàbà, tó ń tú báàgì àwọn obìnrin wò, tó tún fa ìró obìnrin kan ya, a gbé ẹjọ́ lọ bá Màmá Ìbíyínká. Màmá bá a wí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, búrẹ́dì tún ti wà lápò rẹ̀. Màmá rí i, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ọmọdé ló ń ṣe é. Wọn ò gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ọmọ ẹlòmíì ni, wọn ì bá ti lé e lọ sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, mo lọ sí Ìkàrẹ́ láti lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde tèmi. Kí n tó lọ, mo ti se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mo ti ro fùfú, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà. Àbúrò mi Safinat ló máa gbé e lọ sábẹ́ igi kajú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Safinat. Tí a bá rán an níṣẹ́, kì í yà síbì kankan, kì í ṣeré lọ́nà. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín.

Nílé wa, ọmọ tó bá da oúnjẹ nù, ó dáràn. Nínú àwẹ̀ tó kọjá, ọbẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ Safinat lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a fẹ́ ṣínu. Ìyá mi nà án lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kó lọ sùn láìjẹun, pé kó lè mọ ohun tí oúnjẹ jẹ́. Mi ò sọ pé ìyá mi burú. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń tọ́ ọmọ nílé gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Láti ìgbà yẹn, tí Safinat bá gbé oúnjẹ, ọwọ́ méjèèjì ló máa ń fi dì í mú gírígírí.

Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí pé fóònù Fúnminíyì ń ká a, Safinat àti ìyá mi sì sọ ìyókù fún mi.

Safinat dé abẹ́ igi kajú. Kò bá ẹnì kankan. Fúnminíyì tó yẹ kó wà ní ẹnu ọ̀nà ti gorí àpáta lọ bá Alága. Nígbà tí kò sí ẹni tó pe àwọn ìyá wa, wọ́n rò pé oúnjẹ kò tíì dé, wọ́n ń fọ́ òkúta wọn lọ. Ọmọ náà dúró títí. Ó rò pé fùfú ń tutù, ebi á sì ti máa pa màmá òun. Ló bá gbé kúlà sókè, ó gba ọ̀nà tóóró yẹn gòkè, ó ń pe, "Màmi! Màmi o!"

Búrẹ́dì ti tán lọ́wọ́ Fúnminíyì nígbà yẹn. Alága na ọwọ́, kò rí nǹkan gbà. Ó fa àpò ṣòkòtò rẹ̀, òfìfo ni. Ìgbà náà ló yíjú, tó rí ọmọ kékeré kan tó gbé kúlà bọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí Fúnminíyì sọ nínú fídíò yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Hẹ̀n! Alága fẹ́ lọ gba ọ̀sán rẹ̀! Ẹ máa wò ó o!" Ó sì yí fóònù tẹ̀ lé e. Kò pariwo pé kí ọmọ náà ju kúlà sílẹ̀. Kò fò dìde. Fídíò ló ń ká.

Alága di kúlà mú, ó fà á. Safinat náà fà á padà. Láíláà! Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń bá ọ̀bọ tó lè gbé e ṣánlẹ̀ fa kúlà! Kò ké pe ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ti màmá mi ni. Ti màmá mi ni o. Fi í sílẹ̀, ti màmá mi ni." Alága la ẹnu, ó fi gbogbo eyín rẹ̀ hàn án. Safinat di kúlà mọ́ àyà. Ọ̀bọ náà sì gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ.

Ìgbà yẹn ni fóònù já bọ́. Ojú ọ̀run nìkan là ń rí nínú fídíò lẹ́yìn ìyẹn, àti ohùn Fúnminíyì tó ń kígbe, "Jù ú sílẹ̀! Safinat, jù ú sílẹ̀!" Ó ti pẹ́ jù.

Àwọn obìnrin sáré dé pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ariwo wọn pọ̀ débi pé Alága sá gun àpáta lọ. Màmá Ìbíyínká ní kí ẹnikẹ́ni má da epo tàbí ewé sójú egbò náà. Wọ́n ní kí wọ́n gbé omi àti ọṣẹ wá. Wọ́n fọ ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n ń da omi sí i láìdáwọ́ dúró, Safinat ń ké, ìyá mi ń ké, títí wọ́n fi wẹ egbò náà mọ́ dáadáa kí wọ́n tó fi aṣọ mímọ́ dì í. Gàníyù ọlọ́kadà ló gbé ìyá mi àti Safinat dé ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn.

Dókítà ní fífọ̀ tí wọ́n tètè fọ̀ ọ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ padà wá gba ìyókù, a ò gbọdọ̀ fo ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ kò ṣe é tún ṣe mọ́. Wọ́n gé e kúrò. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé.

Nígbà tí Safinat jí, ojú ìyá mi ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Màmi, ọbẹ̀ ò dà nù o. Ẹ bi Bùrọ̀dá Fúnmi léèrè. Kò dà nù."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n gbé orí lé orúnkún. Mi ò rí i kí wọ́n sunkún bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí bàbá wa kú.

Mo jáde síta. Fúnminíyì, tó ti tẹ̀ lé wọn wá, ni mo bá lórí àga gbọọrọ tó wà níta, ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Jesse jókòó tì í, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Máa gbọ́ mi," Jesse ń wí. "A ó bo ojú ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Irú fídíò yìí ló máa ń tàn kálẹ̀. Àánú á ṣe àwọn èèyàn, wọ́n tiẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́."

Mo gbá a létí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní mo ya ìpáǹle. Mo gbá a, ó dún, gbogbo àwọn tó wà níta yíjú sí wa.

"Dìde níbí," mo ní. "Dìde kí n tó fi eyín fa etí kejì ya. Ọmọ tó wà nínú lọ́hùn-ún, ìka rẹ̀ ni wọ́n gé, ìwọ ń wá ẹni tó máa wò ó!"

Jesse wo Fúnminíyì, bóyá ó rò pé á gbèjà òun. Fúnminíyì kàn na fóònù sí mi. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan péré, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níbẹ̀. Mo wò ó lójú.

"O rẹ́rìn-ín," mo ní. "Alága ń lọ bá àbúrò mi, o ń rẹ́rìn-ín."

"Mo rò pé á kàn gba oúnjẹ ni. Raliat, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, mo rò pé—"

"Ta ló kọ́ ọ̀bọ náà kó máa gba oúnjẹ?"

Mo pa fídíò náà rẹ́ níwájú rẹ̀, mo ju fóònù sí i lẹ́sẹ̀, mo wọlé lọ.

Ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Kò tán. Nígbà tí a ti gbé Safinat délé, Fúnminíyì wá sílé wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, kò dìde.

"Ẹ forí jì mí, mà. Màá bá yín gbẹ̀san. Alága ò ní rí ọ̀la. Mo ti wá nǹkan tó máa pa á."

"Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?" ìyá mi bi í.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, mà. Mo ti fi oògùn eku sínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti ń jẹun, kò ní fura."

Ká sọ òótọ́, inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ọ̀bọ yẹn kú. Mo fẹ́ kó japoró. Ṣùgbọ́n ìyá mi dìde.

"Fúnminíyì, o tún fẹ́ gbé oúnjẹ lọ fún un?"

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè.

"Mo ní o tún fẹ́ gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀?" Ohùn ìyá mi ti ga. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó o bá jù sílẹ̀ níbẹ̀, ta ló sọ fún ọ pé Alága nìkan ló máa rí i? Tí ọmọ tó ń wá igi ìdáná bá ṣa á ńkọ́? Tí ajá ọdẹ bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Òkú ta ni wàá tún wá dọ̀bálẹ̀ lé lórí níbí? Alága ò mọ nǹkan kan. Ẹranko ni. Ìwọ lo mọ òfin, ìwọ ni wọ́n fi ṣọ́nà! Gbé e wá!"

Wọ́n gba ọ̀rá náà, wọ́n dà á sínú ṣáláńgá. Wọ́n sọ fún Fúnminíyì pé kó máa lọ, àwọn ò tíì ṣe tán láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, mo sì tì í mọ́ ọn lẹ́yìn.

Màmá Ìbíyínká náà wá. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyá mi, àgbàlagbà yẹn. Wọ́n ní ìfẹ́ ọmọ ló di àwọn lójú. Wọ́n ti ibi iṣẹ́ pa, kí àwọn ọ̀bọ lè gbàgbé pé wọ́n ń rí oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbàgbé, kò sì sí ẹni tó rí òkúta fọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ebi pa ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀kà nítorí búrẹ́dì ọmọkùnrin kan. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, ẹlòmíì ló mú igi dání. Fúnminíyì ń ru òkúta pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, kò sẹ́ni tó ń bá a ṣàwàdà. Ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé fídíò sí ti di títì pa. Mo ti ń dá a lóhùn tó bá kí mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí jì í. Kí ẹnikẹ́ni má fi agídí kọ́ mi ní ìdáríjì.

Safinat ló wá kù. Ó ti ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ó ń wọ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́. Ohun tó ń já mi láyà ni pé tí a bá gbé abọ́ fún un, ó ṣì ń dì í mọ́ àyà bákan náà.

Lọ́jọ́ kan, mo pè é sí àgbàlá. Mo bu ọbẹ̀ sínú abọ́, mo gbé e fún un.

"Safinat, mo fẹ́ ṣe bí ọ̀bọ. Tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, jù ú sílẹ̀, kó o máa fẹ̀yìn rìn."

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò jù ú sílẹ̀. Mo ní, "Jù ú sílẹ̀!" Ó ń mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún di abọ́ náà mú dan-in. Mo pariwo mọ́ ọn. Inú ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí mọ́.

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná. Wọ́n wò wá. Wọ́n padà wọlé, wọ́n gbé gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ ọjọ́ náà jáde, èyí tí a fẹ́ jẹ lálẹ́, wọ́n sì jù ú mọ́lẹ̀ gbàà níwájú wa. Ọbẹ̀ ta sí ara ògiri, ó ta sí wa lẹ́sẹ̀.

"Safinat," wọ́n ní, "ó ti dà nù. Ṣé ẹnikẹ́ni nà mí? Oúnjẹ ni, a ó tún òmíì sè. Mi ò lè tún ìwọ bí. Jù ú sílẹ̀, ọmọ mi."

Safinat kọ́kọ́ wo ọwọ́ ìyá mi, bóyá wọ́n fẹ́ gbé igi. Nígbà tó rí i pé òfìfo ni, ó la ọwọ́ rẹ̀. Abọ́ náà bọ́, ó fọ́. Ó fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ara ìyá mi, ìyá mi sì dì í mú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, mi ò mọ bí mo ṣe lè rọra sọ ọ́. Ẹ má fún ẹranko igbó lóúnjẹ. Ẹ má fi òfin ibi iṣẹ́ ṣeré torí fídíò, torí ọ̀rẹ́, torí òkìkí. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹranko náà máa wá bá lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín bá ṣófo. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ló máa pàdé lọ́nà. Ẹ sì kọ́ àwọn àbúrò yín nílé pé oúnjẹ kò tó ohun téèyàn ń fi ẹ̀mí dì mú. Kí wọ́n jù ú sílẹ̀.